Apá Mẹ́tàdínlógún Tí Yèyé Wẹ̀

Inú Àbíkẹ́ dùn ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà débi pé kò lè fi í pamọ́. Ó na ẹsẹ̀ méjèèjì gbọọrọ níwájú ilé, ó gbé Abíọ́dún, ọmọ ọmọ rẹ̀, lé itan, ó sì ká aṣọ kúrò léjìká òsì ọmọ náà kí gbogbo ẹni tó ń ti odò bọ̀ lè rí apá rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni Abíọ́dún. Iṣu sísun wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, nítorí náà ohun tí wọ́n ń fi apá òsì ṣe kò kàn án.

"Àdùnní, yà wá wo apá ọmọ mi," ni Àbíkẹ́ ké sí aládùúgbò wọn tó ru ìkòkò omi kọjá. "Ṣé o lè sọ pé abẹ́rẹ́ kàn án rí?"

Àdùnní dúró, ó yí ojú nìkan wò ó nítorí omi orí rẹ̀. "Yèyé, ti ọmọ tèmi ti wú. Ó ti di egbò, àárín rẹ̀ ń dúdú. Gbogbo òru ló fi ń ké."

"Ṣé gbogbo ulé yín ni?"

"Gbogbo ulé wa. Tọmọdé tàgbà."

"Ẹ gba nǹkan náà, ẹ ò tọ́jú rẹ̀." Àbíkẹ́ mi orí bí ẹni tí àánú ń ṣe. "Ọmọ mẹ́tàdínlógún ló gba bupá nínú agboolé yìí, kò sí ẹyọ kan tó wú nínú wọn. Ẹ kì í bi àgbà léèrè ni."

Àdùnní kò bi í léèrè. Obìnrin tí ọmọ kò jẹ́ kó sùn kì í fẹ́ kí wọ́n máa fi apá jíjọ̀lọ̀ hàn án ní kùtùkùtù. Ó ní kí wọ́n kú oríire, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ọjọ́ kẹjọ nìyí tí oníbupá, tó ń ha oògùn àjẹsára sí ènìyàn lápá, ti wá sí Ìjẹ̀ṣà-Iṣu. Ọdún tí iyọ̀ wọ́n nítorí ogun Hítílà ni, ẹ̀ẹ̀rùn mú, àwọn àgbà sì mọ̀ pé irú ìgbà báyìí ni Olóde máa ń rìn. Ẹ má retí kí á pe àrùn náà ní orúkọ rẹ̀ gan-an níhìn-ín; oòrùn mú jù. Oníbupá náà, ọmọ Ìdó-Èkìtì kan tó ń jẹ́ Akínlolú, wọ ṣòkòtò káàkì tí wọ́n lọ̀ tí ìlà rẹ̀ mú bí ọ̀bẹ, ó pe àwọn baálé jọ sábẹ́ igi odán, ó bá wọn sọ̀rọ̀ pẹ́. Lẹ́yìn náà ó ta omi oògùn sí apá àwọn ọmọ àti àgbà tó bá fẹ́, ó fi abẹ́rẹ́ ha á, ó sì gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ. Nígbà tí ó di ìrọ̀lẹ́, tí àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún apá, Àbíkẹ́ ṣe ohun tí ó máa ń ṣe fún ọmọ tó bá fara gbọgbẹ́. Ó gbé omi kaná, ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ó mú kànrìnkàn, ó sì wẹ apá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Beatrice, ìyàwó ọmọ rẹ̀, ló ń bá a gbé omi. Apá mẹ́tàdínlógún ni Àbíkẹ́ wẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọwọ́ ń ro ó títí ó fi sùn. Ní agboolé Alágbẹ̀dẹ tiwọn yìí, kò sí ọmọ tí Àbíkẹ́ kò tíì fi ọwọ́ ara rẹ̀ wẹ̀ rí, títí kan àwọn tó ti hu irùngbọ̀n.

Oòrùn òwúrọ̀ tí à ń sọ yìí kò tíì gòkè nígbà tí Ògúntóyìn, ọmọ rẹ̀, ti ọ̀nà oko padà dé. Ọkọ́ wà léjìká rẹ̀, kò sì sí erùpẹ̀ kankan lára ọkọ́ náà.

"Kí ló dé?" ni Àbíkẹ́ bi í.

"Wọ́n ti so màrìwò dí ọ̀nà Abà Odò-Ìrókò."

"Ta ló so ó?"

"N ò rí ẹnìkan, Yèyé. Màrìwò ni mo rí tó dábùú ọ̀nà, mo sì yẹsẹ̀ padà." Ó gbé ọkọ́ kalẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Àwọn tí mo pàdé ní oríta ló sọ fún mi. Olóde ti wọ abà náà. Ọmọ mẹ́ta ló wà nílẹ̀."

Lẹ́yìnkùlé níbi tí Beatrice ti ń bẹ iṣu, ọ̀bẹ dá dúró. Victoria, ọmọ rẹ̀ àgbà, tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ, wo ojú ìyá rẹ̀, ó sì sún mọ́ ọn. Abà Odò-Ìrókò kò jìnnà. Bí àkùkọ ibẹ̀ bá kọ nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ síhìn-ín, agboolé Alágbẹ̀dẹ á gbọ́ ọ.

Àbíkẹ́ nìkan ni ojú rẹ̀ kò yí padà. "Kí lẹ ń wo ara yín sí? Ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ulẹ̀ tútù. Àwọn ọmọ wa ti gba bupá. Beatrice, se uṣu náà kó pọ̀ o. Òní ni oníbupá sọ pé òun ń bọ̀ wá wo apá, àlejò wa ni." Ó gbé Abíọ́dún dìde, ó tún un wẹ̀, ó sì fi àdín pa apá òsì rẹ̀ títí ó fi ń dán. Kò fẹ́ kí wọ́n wo apá ọmọ òun kí ó má ṣeé wò.

Akínlolú dé nígbà tí iṣu jinná, tí Beatrice ti kó o sínú odó. Ìkòkò amọ̀ kékeré kan wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀ tí wọ́n fi aṣọ tútù wé; inú rẹ̀ ni ìgò oògùn wà, nítorí oògùn náà kò fẹ́ ooru. Àwọn obìnrin agboolé kó ọmọ wọn jáde, Gbádébọ̀ tó jẹ́ olórí agboolé náà jáde pẹ̀lú ọ̀pá, Àbíkẹ́ sì ti Abíọ́dún síwájú gbogbo wọn bí ẹni ń gbé ọjà rẹ̀ tó dára jù síta.

Akínlolú di apá ọmọ náà mú. Ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ó fi àǹkáṣíìfù nu àdín rẹ̀ kúrò, ó sì tún un wò nínú oòrùn. Ó wo apá ọ̀tún.

"Apá òsì ni mo ha, àbí?"

"Òsì ni," ni Àbíkẹ́ dá a lóhùn. Ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀.

Akínlolú kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n mú ọmọ mìíràn wá. Ó wo tirẹ̀, ó wo ti ẹnìkẹta, ó wo ti ẹnìkẹrin. Nígbà tí yóò fi dé orí ẹnìkẹtàdínlógún, ó ti ń mí bí ẹni tó gun òkè.

"Ta ló pa oògùn mi?"

"Pa á kẹ̀?" ni Àbíkẹ́ wí. "Ṣé o ò rí bó ṣe jọ̀lọ̀ ni?"

"Yèyé, kò yẹ kó jọ̀lọ̀! Egbò tí ẹ rí lára àwọn ará òdìkejì yẹn gan-an ni ẹ̀rí pé oògùn mú wọn. Ọmọ tí apá rẹ̀ bá jọ̀lọ̀ báyìí, bí ẹni tí kò gbà á rárá ni. Bí Olóde bá wọlé yìí lónìí, kò sí ohun tí yóò dá a dúró lára ẹyọ kan nínú wọn."

Àbíkẹ́ fa aṣọ Abíọ́dún padà sórí èjìká rẹ̀.

Akínlolú rí Ògúntóyìn níbi tó dúró sí. Ó lọ bá a, ó ká aṣọ rẹ̀ sókè. Egbò kan wà níbẹ̀, ó ki, ó dúdú láàrin. "Ẹ wá wò ó! Ọjọ́ kan náà, ìgò kan náà. Ti baba mú, ti ọmọ kò mú. Wọ́n fọ ti àwọn ọmọ ni! Ṣebí mo sọ ọ́ pé kí omi má kàn án? Bàbá, ṣé n ò sọ ọ́?"

Gbádébọ̀ wúkọ́. "O sọ ọ́. Mo gbọ́."

"Ta lẹ wá sọ ọ́ fún?"

"Mo sọ ọ́ fún…" Gbádébọ̀ wo orí ọ̀pá rẹ̀. "Ohun tí gbogbo ulé mọ̀ ni."

Gbogbo ilé kò mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ náà, bí Akínlolú ti parí ọ̀rọ̀ ni wọ́n gbé ẹmu dé abẹ́ igi odán, ọ̀rọ̀ sì bọ́ sórí ẹmu. Bí wọ́n bá ránni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Iṣẹ́ tí wọ́n rán Gbádébọ̀, abẹ́ odán ló sùn sí. Ògúntóyìn náà wà níbẹ̀, ó gbọ́ tirẹ̀, ó mu tirẹ̀. Bóyá ìdí nìyẹn tó fi yára wá ẹni tí yóò di ẹ̀bi rù.

"Beatrice! Ìwọ ni ùyá wọn. Kí lo fi wẹ ọmọ mi?"

Ọmọrí odó wà lọ́wọ́ Beatrice. Ó gbé e dúró sínú odó, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú.

"Ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀! Olóde wà ní ẹ̀yìnkùlé wa, ìwọ wá ń fọ oògùn dànù. Ẹni tí wọ́n ní kó fẹ́ni lójú, tó lọ fi ata sẹ́nu!"

"Bàbá, kì í ṣe màmá, Yèyé ló—" ni Victoria bẹ̀rẹ̀. Ìyá rẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹnu ọmọ náà pa dé.

Àbíkẹ́ rí ìwò náà. Ó wo àwọn ìyá ọmọ tó kù. Obìnrin mẹ́jọ ló wà níbẹ̀, kò sí ẹni tí kò mọ ẹni tó wẹ apá ọmọ rẹ̀, àwọn fúnra wọn ló gbé wọn wá. Ọ̀kan ń tún gèlè wé. Ọ̀kan ń wá iná orí nínú irun ọmọ rẹ̀. Àwọn tó kù ń wo ilẹ̀. Kò sí ẹni tó fẹ́ na ìka sí àgbà. Ká ní wọ́n pariwo mọ́ ọn ni, ìbá fúyẹ́ fún un ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Akínlolú pa ìwé tó fi ń kọ orúkọ àwọn ọmọ dé. Ó ní ilé ẹjọ́ ló yẹ kí òun kó gbogbo agboolé náà lọ. "Oògùn tó kù nínú ìkòkò yìí kò lè ju ogún apá lọ, bí oòrùn bá fi wọ̀, ó ti bàjẹ́. N ó gbé e lọ sí ìlú tí wọ́n ti mọyì rẹ̀. Ó di oṣù méjì kí n tó tún ya ọ̀dọ̀ yín." Ó sì gbá kẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú.

Oṣù méjì. Àbíkẹ́ wo Abíọ́dún, tó ti gbàgbé ọ̀rọ̀ apá, tó ń họ èèpo iṣu jẹ. Ẹ̀rù bà á wọ inú egungun. Ó ti rí Olóde rí. Ó mọ bí ilé ṣe ń pa rọ́rọ́ bí ó bá ti lọ tán. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, òun àgbà yìí sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọ́ mẹ́tàdínlógún.

Ó dìde, ó rìn gba àárín wọn kọjá, ó sì di apá kẹ̀kẹ́ náà mú.

"Ọmọ mi, gbé kẹ̀kẹ́ rẹ kalẹ̀. Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Èmi ni."

"Ẹ̀yin kẹ̀, Yèyé?"

"Èmi ni mo wẹ gbogbo wọn, lọ́jọ́ tí o ṣe é gan-an. Omi gbígbóná àti ọsàn wẹ́wẹ́. Kò sí ẹni tó bẹ̀ mí. Ùyàwó ọmọ mi ò mọwọ́ mẹsẹ̀, omi lásán ló bá mi gbé." Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ògúntóyìn, èmi ni mo fi ata sẹ́nu. Ṣé o gbọ́?"

Ògúntóyìn gbọ́. Ó ń wo ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni ń kà wọ́n.

"Àgbà bíi tiyín!" ni Akínlolú bẹ̀rẹ̀, "àgbà tó yẹ kó mọ̀—"

"Mo ti jẹ̀bi, n ò jiyàn. Jẹ́ kí n bi ọ́ léèrè kan péré. Nígbà tí o sọ pé kí omi má kàn án, ta lo sọ ọ́ fún?"

"Àwọn baálé. Gbogbo wọn ni mo kó jọ."

"Ó dára." Ó yíjú sí olórí agboolé. "Gbádébọ̀, ùgbà wo lo wẹ ọmọ gbẹ̀yìn?"

"Èmi?" ni Gbádébọ̀ wí, bí ẹni pé wọ́n bi í léèrè ìgbà tó ṣe abiyamọ gbẹ̀yìn. "Èmi, wẹ ọmọ?"

"Ògúntóyìn, kànrìnkàn Abíọ́dún dà?"

Ògúntóyìn wo òrùlé. Kò sí níbẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà fi ọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti bọ́. Ó ran èkejì, ó ran ẹ̀kẹta. Àdùnní, tó ti padà wá gbọ́ ọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọmọ ẹlẹ́gbò rẹ̀ lẹ́yìn, rẹ́rìn-ín débi pé ó ní láti jókòó sílẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ ìwẹ̀ ọmọ," ni Àbíkẹ́ wí, "o lọ bá àwọn tí kò mọ ubi tí kànrìnkàn wà sọ ọ́. Èmi tí mò ń wẹ ọmọ, mo wà lẹ́yìnkùlé níbí lọ́jọ́ náà, mò ń ṣa ẹ̀gúsí. Mò ń gbọ́ ohùn rẹ bí o ṣe ń sọ̀rọ̀. O ò pè mí."

Òótọ́ ni obìnrin náà sọ, òótọ́ tó ń bí ènìyàn nínú sì ni. Láti Ìdó títí dé Ìkọ̀lé, bí nǹkan bá ń bọ̀ wá pa ọmọ, ọkùnrin ni wọ́n máa ń pè jọ sábẹ́ igi. Bí ọmọ bá wá kú tán, obìnrin ni wọ́n ń bi léèrè ohun tó fi ṣe é.

Akínlolú gbé kẹ̀kẹ́ ti ògiri. Ó fẹ́ bínú sí i, ṣùgbọ́n ẹ̀rín àwọn obìnrin náà kò jẹ́ kí ìbínú rẹ̀ rí ibi dúró. Ó jókòó lórí àpótí. "Yèyé, ká ní mo pè yín ńkọ́?"

"N bá bi ọ́ ní ìdí rẹ̀."

Kò sí ẹni tó tíì bi Akínlolú bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ̀rù ló máa ń bà wọ́n, tàbí kí wọ́n sá. "Ó dà bí irúgbìn ni. Mo gbìn ín sí apá ọmọ. Bí a bá gbin àgbàdo tán tí a wá da omi gbígbóná lé e, ṣé yóò hù?"

"Áà," ni Àbíkẹ́ wí. "Mo se irúgbìn rẹ. Mo tún fi ọsàn sí i."

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín, Akínlolú náà sì rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn ìlú tó kàn lè gba tiwọn lọ́la nígbà tí lọ́ọ̀rì bá gbé oògùn mìíràn dé, pé òun yóò tún ti àwọn ọmọ náà ha. Kí gbogbo obìnrin sún mọ́ òun, kí òun fi ẹnu ara òun sọ fún wọn.

"Sísọ dára," ni Àbíkẹ́ wí, "ṣùgbọ́n kò tó. Èmi gbọ́ ọ báyìí, ó yé mi. Bí ọmọ bá ń ké ní ìrọ̀lẹ́, ọwọ́ mi á ti gbé omi kaná kí orí mi tó rántí. Ùyá tó lọ sọ́jà Ayédé lónìí ńkọ́? Ùyá ùyàwó tó máa wá kí wọn lọ́la, tí yóò rí ọmọ elégbò, tí yóò ní kí wọ́n gbé omi wá ńkọ́? Ta ni yóò máa tẹ̀lé ọmọ kiri máa sọ fún gbogbo wọn?"

Oòrùn ń gòkè. Akínlolú fọwọ́ kan aṣọ ìkòkò rẹ̀ bóyá ó ṣì tutù. Àbíkẹ́ ń wo ọkọ́ tí kò ní erùpẹ̀, tó wà lẹ́bàá ògiri láti àárọ̀.

"Ògúntóyìn, kí ló dá ọ padà lọ́nà oko lónìí?"

"Màrìwò ni, Yèyé."

"Ṣé ó bá ọ sọ̀rọ̀?"

"Rárá o."

"O bèèrè ìdí rẹ̀ kí o tó yà?"

"Mo yà ná. Lẹ́yìn ìgbà tí mo yà ni mo bèèrè."

"Ẹ gé màrìwò wá fún mi," ni Àbíkẹ́ wí. "A ó so ó mọ́ apá wọn, lókè ubi tí abẹ́rẹ́ kàn. Ẹni tó bá gbọ́ àti ẹni tí kò gbọ́, kò sí ẹni tó máa rí màrìwò kó sọ kànrìnkàn lé e."

Akínlolú yára dìde. "Yèyé, ọmọ ìjọ ni mí o! Bí wọ́n bá gbọ́ pé mò ń so màrìwò Ògún mọ́ ọmọ lápá, ẹjọ́ wo ni n ó rò?"

Gbádébọ̀ náà gbá ọ̀pá mọ́lẹ̀. "Èmi náà ò fẹ́ ẹ! Màrìwò kì í ṣe ohun eré. A kì í fi í wé ọmọ lápá bí ìlẹ̀kẹ̀." Fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà, òun àti oníbupá wà lẹ́yìn ara wọn.

Beatrice ló sọ̀rọ̀. Láti àárọ̀ kò tíì sọ ọ̀kan. "Ọ̀gá, ní ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ, kí lẹ máa ń gbé lọ́wọ́ wọ ṣọ́ọ̀ṣì?"

Akínlolú họ orí. "Imọ̀ ọ̀pẹ."

"Orí igi kan náà ni wọ́n ti ń gé e." Ó kúnlẹ̀ níwájú Gbádébọ̀. "Bàbá, ẹ má bínú. Ẹ̀mí ọmọ mẹ́tàdínlógún náà kì í ṣe ohun eré."

Gbádébọ̀ wo Beatrice, ó wo àwọn ọmọ, ó wo abẹ́ igi odán bí ẹni tó gbàgbé nǹkan síbẹ̀. "Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ulé-Ifẹ̀," ni ó kùn, ó sì bọ́ sẹ́yìn ilé. Òun fúnra rẹ̀ ló gé màrìwò náà wá.

Nígbà tí Akínlolú la ìgò, Àbíkẹ́ na apá tirẹ̀ sí i kí wọ́n tó mú ọmọ kankan wá.

"Yèyé, ti àwọn ọmọ ló jẹ́ kánjúkánjú."

"Àwọn obìnrin yìí kò wo ẹnu rẹ. Apá mi ni wọ́n ń wò. Láti àárọ̀ ni mo ti ń fi apá jíjọ̀lọ̀ yangàn fún gbogbo àdúgbò. Jẹ́ kí wọ́n rí i bí mo ṣe ń gba egbò."

Abẹ́rẹ́ kàn án. "Yéè!" ni ó ké, kì í ṣe kékeré. Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Abíọ́dún gun orí itan rẹ̀.

"Ṣé ó dùn yín, Yèyé?"

"Ó dùn mí gan-an. Ìwọ ló kàn."

Àdùnní ló dá ọgbọ́n tó kẹ́yìn. Ó ní níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé àwọn ọkùnrin ni wọ́n bá sọ̀rọ̀ ìwẹ̀ náà, àwọn ọkùnrin ni kó wẹ ọmọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Àwọn obìnrin pa àtẹ́wọ́ sí i, ọ̀rọ̀ sì tán. Ẹ̀yin tí ẹ kò sí níbẹ̀, ẹ pàdánù ohun ìran. Gbádébọ̀ da ọṣẹ sójú ọmọ ọmọ rẹ̀, ó sì ń bẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń bẹ ọba. Ògúntóyìn na apá òsì Abíọ́dún sókè pẹ̀lú màrìwò rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan ṣoṣo wẹ gbogbo ara tó kù, omi tó dà sí ṣòkòtò rẹ̀ sì ju èyí tó kan ọmọ lọ.

Kí á má fi ẹnikẹ́ni sínú ìfòyà: ọjọ́ kẹjọ pé, apá mẹ́rìndínlógún wú, wọ́n di egbò, wọ́n dúdú láàrin bó ṣe yẹ. Ẹyọ kan tí kò wú, Gbádébọ̀ ló wẹ̀ ẹ́. Wọ́n tún un ha. Olóde gba ẹ̀yìn odi agboolé náà kọjá, kò yà. Àbíkẹ́ sì jókòó níwájú ilé, ó ń fi egbò Abíọ́dún han àwọn tó ń ti odò bọ̀ bí ó ṣe fi apá jíjọ̀lọ̀ hàn wọ́n lọ́jọ́sí, kò sì rí i pé nǹkan kan yí padà nínú ìwà òun.

Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí à ń sọ yìí, wọn kò tíì mọ̀. Ohun tó wà nílẹ̀ kò ju iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tí Beatrice gbé wá síwájú ìyá ọkọ rẹ̀. Àwọn méjèèjì jókòó, wọ́n ń wo àwọn ọkùnrin tí ń wẹ ọmọ.

"O ò ṣe sọ fún un pé èmi ni?" ni Àbíkẹ́ bi í.

"Kí n sọ kí ni, Yèyé?"

Àbíkẹ́ mi orí. Nígbà tó yá, ó rí i pé ọwọ́ ọ̀tún òun ti bọ́ sínú agbọ̀n tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, ó sì ti mú ọsàn wẹ́wẹ́ kan. Apá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ha fún un ń yún un. Ọwọ́ kò dúró gbàṣẹ. Ó wo ọsàn náà, ó wo ọwọ́, ó sì dá a padà sínú agbọ̀n.

"Beatrice, ṣé màrìwò ṣì kù?"

"Ó ku ẹyọ kan."

"So ó mọ́ ọwọ́ ọ̀tún yìí fún mi. Òun ló yẹ kí wọ́n ti kọ́kọ́ so ó mọ́."

Beatrice rẹ́rìn-ín, ó rò pé ó ń ṣe àwàdà. Nígbà tó rí i pé ọwọ́ náà ṣì nà sí òun, ó sún mọ́ ọn, ó sì so ó. Ó so ó dáadáa.

"Kí lẹ ó wá fi jẹ uyán, Yèyé?"

Àbíkẹ́ wo ọwọ́ ọ̀tún, ó wo ọwọ́ òsì. Ó la ẹnu. Beatrice fọ ọwọ́ rẹ̀, ó bu òkèlè, ó tì í bọ inú ọbẹ̀, ó sì fi í sí i lẹ́nu. Abíọ́dún tó ń sá bọ̀ láti ibi ìwẹ̀, ìhòòhò, màrìwò lápá, dúró ṣinṣin.

"Yèyé ti di ọmọ!"

Àbíkẹ́ gbé òkèlè náà mì kí ó tó dáhùn. "Ọbẹ̀ yìí ò níyọ̀," ni ó wí, ó sì tún la ẹnu.